Ìgbaná kọ́ o, ìrọ̀ná ni

Akọ́mọlédè:

Ẹ̀yin èèyàn mi, wọ́n tún ti gbé e dé o. Ẹnì kan fi àkójọ ọ̀rọ̀ tuntun ránṣẹ́ síbí lánàá. Ó ní ká máa pe fífi iná kún bátìrì ọkọ̀ tó ń fi iná mànàmáná rìn ní "ìgbaná", ká sì máa pe ibi tí wọ́n ti ń ṣe é ní "ilé ìgbaná". Ìgbaná kẹ̀? Gbà àti iná, kí ni wọ́n ń bí bí kò ṣe gbiná? Ilé gbiná, epo gbiná, ìjà gbiná. Ẹ wá fẹ́ kọ "Ilé Ìgbaná" gàdàgbà sẹ́bàá títì, kí onímọ́tò kà á kó sì yà síbẹ̀! Bẹ́ẹ̀ bátìrì lithium tó bá gbiná, kì í ṣe garawa omi méjì ló ń pa á. Sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn bátìrì kéékèèké tó kún inú rẹ̀, èyí tó bá ti gbóná kọjá ààlà á ran èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, iná tí ẹ rò pé ó ti kú sì lè tún sọ lẹ́yìn wákàtí mélòó kan. Orúkọ àjálù lẹ fi sọ ọmọ tuntun.

Àwọn tó pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì tẹ́tí sí i dáadáa kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ. Níbo ni irú wọn wà lónìí?

Tèmi ni rọ. À ń rọ epo sí fìtílà, à ń rọ omi sí agbè, bí ẹnu rẹ̀ bá sì kéré, a ó wá àrọ. Ìrọ̀ná. Ibùdó ìrọ̀ná. Ó parí.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ:

Alàgbà, ẹ kú iṣẹ́ o, ṣùgbọ́n kò tíì parí. Paná, dáná, yáná, jóná, fọnná: nínú gbogbo wọn, fáwẹ́lì iná ló ń lọ, ti ọ̀rọ̀-ìṣe ló ń dúró. Gbaná ló bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mu, gbiná ló yà bàrá. Ẹni tó ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ yẹn fi gbiná sílẹ̀ fún jàǹbá, ó mú gbaná fún iṣẹ́. Kí ló burú níbẹ̀?

Ti rọ tiyín ńkọ́? Ní ilé àgbẹ̀dẹ, irin là ń rọ. À ń rọ àdá, à ń rọ ọkọ́. Èyí tó wá pa mí lẹ́rìn-ín jù ni àmì ohùn ìsàlẹ̀ tí ẹ fi sórí rẹ̀ nínú àkòrí, tí ẹ tún fi sí i lẹ́ẹ̀mejì nísàlẹ̀. Òjò ló ń rọ̀, Alàgbà. "Ìrọ̀ná" ti di òjò iná Sódómù nìyẹn.

Ẹlẹ́tíríkì:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ ń jà lórí gbà àti rọ, ẹ ò béèrè ẹni tó ń gbà àti ẹni tó ń rọ. Ẹ jẹ́ ká wò ó.

Àpótí tí wọ́n ń kàn mọ́ ògiri ilé kì í ṣe ṣájà rárá. Inú ọkọ̀ ni ṣájà wà. Iná tó ń ti ògiri wá jẹ́ AC, ó ń lọ ó ń bọ̀ nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. DC, iná tó ń lọ sí apá kan ṣoṣo, nìkan ni bátìrì sì ń jẹ. Ṣájà inú ọkọ̀ ló ń sọ AC di DC. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ni àpótí ara ògiri. Ó ní wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, control pilot, tó fi ń sọ iye áńpíà tó lè fún ọkọ̀. Fóòtì 12 ló máa ń wà lórí wáyà yẹn. Bí ẹ bá ki orí okùn bọ ọkọ̀, ọkọ̀ á fà á wálẹ̀ sí 9. Tó bá ti ṣetán láti gbà, á fà á dé 6. Ìgbà yẹn ni àpótí tó máa jẹ́ kí iná ńlá kọjá. Kó tó di ìgbà yẹn, kò sí iná ńlá nínú okùn náà. Ọkọ̀ ló ń gbà níbí, kò sẹ́ni tó ń rọ nǹkan kan.

DC oníyára yàtọ̀. Ìta ni ṣájà wà, iná rẹ̀ sì ń fo ti inú ọkọ̀ kọjá lọ sí bátìrì tààrà. Síbẹ̀ bátìrì ló ń pàṣẹ: "fún mi ní fóòtì báyìí, áńpíà báyìí." Ṣájà á kọ́kọ́ yẹ ara wáyà wò bóyá iná ń jò, lẹ́yìn náà ni àwọn contactor, ìyẹn súìṣì ńlá, tó pa dé kí iná lè kọjá. Láti nǹkan bí 80 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sókè, iyára á já wálẹ̀. Bí wọ́n bá fi tipátipá tì í, lithium á máa lẹ̀ mọ́ ara anode, ìyẹn apá bátìrì tó yẹ kó gbà á, dípò kó wọ inú rẹ̀, bátìrì á sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú díẹ̀díẹ̀. Otútù náà ń fa irú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn ọkọ̀ kan fi ń kọ́kọ́ mú bátìrì gbóná kí wọ́n tó dé ibùdó. Bí ẹ bá fẹ́ lo rọ, ibí yìí ló ti lè jẹ́. Ẹ má gbé e wọ ilé.

Níti ilé: sọ́kẹ́ẹ̀tì áńpíà 13 kò ṣeé fa 13 lé lórí láti alẹ́ dòwúrọ̀, ojú rẹ̀ á yọ́. Áńpíà 10 ni kí ẹ fi í sí. Lórí fóòtì 230, kílówáàtì 2.3 nìyẹn, bátìrì kílówáàtì-wákàtí 60 á sì gba wákàtí 26 ó lé. Lórí àpótí áńpíà 32, kílówáàtì 7.4 ni, nǹkan bí wákàtí mẹ́jọ. Wáyà 6 mm² ni kó lọ tààrà láti inú àpótí fíúsì ilé sí àpótí ara ògiri, ẹ má jẹ́ kó gba ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì kankan. Bí iná ìjọba bá já wálẹ̀ sí fóòtì 180, áńpíà 10 yẹn ò ní ju kílówáàtì 1.8 lọ. Okùn àfikún tí ẹ ká jọ sílẹ̀ bí ejò náà tún nìyẹn: ooru rẹ̀ ò ríbi jáde, á yọ́ láàárín.

Èyí tí wọ́n ń béèrè jù: "Kí ló dé tí ọkọ̀ ò fi gbà láti ara jẹnẹrétọ̀?" Neutral, wáyà tí iná ń gbà padà, kò so mọ́ éétì, wáyà ilẹ̀, lára ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ kékeré. Okùn tàbí ọkọ̀ á dán éétì wò, kò ní rí i, á kọ̀. Kí oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́ so neutral mọ́ éétì lára jẹnẹrétọ̀ náà, kó sì ri ọ̀pá éétì mọ́lẹ̀. Bí jẹnẹrétọ̀ bá wà lórí wáyà ilé, ẹ má fọwọ́ ara yín dá a ṣe.

Ará Kétu:

Ẹ gbàgbé wa sẹ́yìn bí ìṣe yín. Lọ́dọ̀ wa ní Bẹ̀nẹ̀ àti ní Tógò, ilé-iṣẹ́ Spiro, tó ń jẹ́ M Auto tẹ́lẹ̀, ti gbé alùpùpù oníbátìrì wọ ọjà láti 2022. Ọlọ́kadà ò gba iná, ẹnikẹ́ni ò rọ iná sí i. Á yọ èyí tó ti tán, wọ́n á fún un ní èyí tó kún, á san owó agbára tó wà nínú rẹ̀, ó ti lọ. Ìpààrọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ti wà nílé kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a.

Ó rọrùn fún alùpùpù torí pé ọwọ́ ẹnì kan lè gbé bátìrì rẹ̀. Ti mọ́tò wúwo, ẹ̀rọ ló ń gbé e láti abẹ́, bí ilé-iṣẹ́ NIO ṣe ń ṣe é ní Ṣáínà. Better Place, ilé-iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2007, gbìyànjú ẹ̀ ní Ísírẹ́lì, ó wọgbèsè ní 2013. Ọkọ̀ Renault Fluence nìkan ló rí bá ṣiṣẹ́, àwọn ilé-iṣẹ́ yòókù ò fẹ́ kí bátìrì wọn bá ti ẹlòmíràn dọ́gba.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ:

Ohun tó ń bọ̀ wá dá ìjà sílẹ̀ gan-an nìyẹn: orí okùn. Mo rí i pé àwọn kan ń pe tọwọ́ ẹni ní "akọ", wọ́n ń pe tara ọkọ̀ ní "abo". Kò lè ṣiṣẹ́. Orí okùn Type 2 ti àwọn ará Yúróòpù àti GB/T ti Ṣáínà, nínú iná AC, jọ ara wọn bí ìbejì, ihò méje méje, ṣùgbọ́n akọ tibí ni abo tọ̀hún. Ẹ pe tọwọ́ ní orí, ẹ pe tara ọkọ̀ ní ẹnu, ó tán.

Ẹnu yìí ni àwọn ilé-iṣẹ́ fi ń bá ara wọn jà. Tesla, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ oníná ti Amẹ́ríkà, di tiẹ̀ mú fún ọdún mẹ́wàá, ó wá ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ayé ní oṣù kọkànlá 2022, ó pè é ní NACS. Ford tẹ̀ lé e ní oṣù karùn-ún 2023, GM ní oṣù kẹfà, ni CCS, ẹnu tí àwọn yòókù ń lò, bá bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù ilẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní Yúróòpù, CCS2, ìyẹn CCS tọ̀hún, ni Tesla fúnra rẹ̀ ń lò. CHAdeMO, ẹnu ti Japan, ń rá lọ. BYD ti Ṣáínà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1995 gẹ́gẹ́ bí ilé-iṣẹ́ bátìrì wá kéde ṣájà fóòtì 1000, áńpíà 1000 ní oṣù kẹta 2025. Kílówáàtì 1000 lójú ẹnu kan!

Ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Ṣáínà, kó ṣí ẹnu rẹ̀ wò kó tó sanwó. Bí ẹnu AC àti ti DC bá dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, GB/T lè ni. Bí ihò ńlá méjì bá so mọ́ abẹ́ ihò méje, CCS2 ni. Ẹ má ra irin lásán tí wọ́n ń pè ní àsopọ̀ fún DC: ọ̀nà tí CCS ń gbà bá ọkọ̀ sọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí ti GB/T, àsopọ̀ tí kò ní ọpọlọ nínú kò lè túmọ̀ fún wọn.

Akọ́mọlédè:

Fóònù ló fi àmì yẹn sí i, gbogbo ẹni tó dàgbà nínú èdè mọ rọ tí mò ń wí. Bí oníṣẹ́ iná ti gbà pé ó jẹ́ fún DC, mo ti gba ìdá kan. Ọmọ Alágbẹ̀dẹ, ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ ìyá arúgbó kan ṣoṣo bóyá ó gbọ́ ìyàtọ̀ láàárín gbaná àti gbiná yín kí ẹ tó tún kọ̀wé.

Ará Kétu, "owó agbára" tí ẹ kọ ò yé mi. Ṣé agbára ni kílówáàtì, àbí agbára ni kílówáàtì-wákàtí?

Ẹlẹ́tíríkì:

Kílówáàtì ni bó ṣe ń yára wọlé tó. Kílówáàtì-wákàtí ni iye tó ti wọlé. Iye yẹn ni wọ́n ń sanwó lé lórí.

Ará Kétu:

Agbára náà ni lọ́dọ̀ wa.

Akọ́mọlédè:

Ọ̀rọ̀ kan fún ìyára àti fún iye? Èmi ò gbà.