Ta ló lè ṣàlàyé bí basalt (àpáta dúdú tó ń dì látara àpáta yíyọ́) ṣe ń ti inú mantle jáde fún mi?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa àpáta, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ jọ́gíráfì ni mí n'Ìbàdàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ràn mí lọ́wọ́.

Ó yé mi pé mantle tó wà lábẹ́ èèpo ilẹ̀ kì í ṣe ohun tó ń ṣàn. Àpáta líle ni, bí ooru rẹ̀ tilẹ̀ lé ní 1,300°C, torí ẹrù tó wà lórí rẹ̀ kò jẹ́ kó yọ́. Níbi tí ilẹ̀ ti ń ya lábẹ́ òkun Àtìláńtíìkì, mantle á máa gòkè díẹ̀díẹ̀, ẹrù orí rẹ̀ á fúyẹ́, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ láìjẹ́ pé ooru kankan kún un.

Ibi tó ti rú mi lójú nìyí: peridotite ni wọ́n ń pe àpáta inú mantle ọ̀hún, kí ló dé tó jẹ́ basalt ló ń jáde? Quartzite àti gneiss ló pọ̀ nílẹ̀ wa níbí, n ò rí basalt fi han àwọn ọmọ. Ìgò epo pupa tí ọyẹ́ ti mú dì ni mo wá gbé sóòrùn níwájú wọn láti fi ṣàpẹẹrẹ bí àpáta náà ṣe ń yọ́. Èyí tó ṣàn kọ́kọ́ yọ́, ó mọ́ rekete, èyí tó ki sì jókòó sísàlẹ̀ bí ògì. Ṣé àpẹẹrẹ yẹn tọ̀nà?

Ọmọbìnrin kan wá bi mí pé, "Mà, tí gbogbo àpáta mantle náà bá yọ́ tán ńkọ́, ṣé basalt náà ni?" Mo ṣèlérí èsì fún un di ọjọ́ Ajé.

Ẹ tún bá mi ṣàlàyé bí omi ṣe ń mú kí àpáta tètè yọ́ lábẹ́ ilẹ̀ Japan.