Ta ló ṣe àṣìṣe? Lórí "error term" àti "residual"

Ẹ̀yin àgbà àti ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ ìwé econometrics (ìmọ̀ fífi ìṣirò yẹ ọ̀rọ̀ ajé wò) fún àwọn ọmọ yunifásítì dábàá pé ká pe "error term" àti "residual" ní "àṣìṣe". Mo bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n má fi ọ̀rọ̀ kan pe méjèèjì, kí wọ́n má sì pe èyíkéyìí nínú wọn ní àṣìṣe.

Lẹ́nu Yorùbá, àṣìṣe ní olúwa rẹ̀: ẹnìkan ló ṣì í ṣe. Ẹ jẹ́ ká wo ìyá kan tó ń ta gàrí. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, a kọ iye tí kóńgò kan jẹ́ àti iye kóńgò tó tà. A fi àmì kọ̀ọ̀kan sórí bébà fún ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, a wá fa ìlà gbọọrọ gba àárín wọn kọjá. Àlàfo tó wà láàárín àmì àti ìlà ni ọ̀rọ̀ wa dá lé. Lọ́sẹ̀ kan, àmì bọ́ sókè ìlà: gàrí wọ́n, síbẹ̀ ó tà wàràwàrà, torí wọ́n ń ṣe òkú ládùúgbò. Ta ló ṣe àṣìṣe níbẹ̀? Kò sẹ́ni. Òkú ṣíṣe ni kò sí nínú ìṣirò wa.

Nígbà tí mo wà lọ́dún kẹta, odindi sáà kan ni mo fi rò pé "error" inú ìwé ń bá mi wí pé mo ṣì í ṣírò. Màá pa á rẹ́, màá tún un ṣe, nọ́ńbà kan náà ni yóò tún jáde.

Ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ni ọ̀rọ̀ "error" ti bá ìṣirò yìí wá. Nígbà tí Legendre, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé, tẹ ọ̀nà "least squares" (fífa ìlà tí àròpọ̀ àwọn àlàfo náà, tí a sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po ara rẹ̀, á fi kéré jù lọ) jáde ní 1805, ipa ọ̀nà ìràwọ̀ onírù ló ń wá. Àṣìṣe bá tiwọn mu: ojú lè ríran lódì, irinṣẹ́ lè tẹ̀. Ti ọjà kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú èdè Látìn tí "error" ti wá, kéèyàn yà kúrò lọ́nà ni. Ìyẹn ni mo fi dábàá ìyàbàrá fún "error term". Kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Kí "residual" jẹ́ àṣẹ́kù. Ìlà tòótọ́, tí ẹnikẹ́ni ò fojú rí, ni ìyàbàrá ti yà. A ò lè kà á. Ìlà tí àwa fọwọ́ ara wa fà ló ní àṣẹ́kù. A lè kà á, a lè rò ó pọ̀. Tí a bá fi "least squares" fà á, tí a ò sì fi dandan mú ìlà náà gba orí òdo, àròpọ̀ àṣẹ́kù á jẹ́ òdo nígbà gbogbo. Kò sóhun tó ní kí àròpọ̀ ìyàbàrá jẹ́ òdo. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi orúkọ kan pe méjèèjì á rí òdo yẹn, á sì rò pé ẹ̀rí ni pé ìlà òun tọ́.

Mo fara mọ́ "ìfọ́nká aláìdọ́gba" tí ẹ̀gbọ́n fún heteroskedasticity. Nígbà tí gàrí pọ́ọ̀kú, àwọn àmì á sún mọ́ ìlà. Nígbà tó bá wọ́n, wọ́n á fọ́n ká. Gíríìkì tí wọ́n ti yá a náà, fífọ́nká ló ń sọ. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá jiyàn lórí rẹ̀: ní 1985, J. Huston McCulloch kọ ọ́ sínú Econometrica pé k ló yẹ ká fi kọ ọ́, kì í ṣe c.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni, ṣé ìyàbàrá á wọ ọmọ létí?