Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ìwé ìbéèrè fún àwọn tó ní lupus, ní Yorùbá

Akẹ́kọ̀ọ́ Àjàṣẹ́: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo ń múra iṣẹ́ àṣekágbá mi. Mo fẹ́ wádìí bí ayé ṣe ń rí fún àwọn tó ní lupus, àìsàn tí ohun tó ń dáàbò bo ara fi ń gbógun ti ara fúnra ẹ̀, láti Kétu dé Àjàṣẹ́ ní Bẹ̀nẹ̀ níbí, kí n sì bi wọ́n ní Yorùbá tí wọ́n ń sọ nílé. Ọ̀gá mi ní kí n lo SF-36, ìwé ìbéèrè nípa bí ìlera èèyàn ṣe rí. Ṣé òun náà lẹ máa mú? Faransé ni mo gbọ́ jù. Ṣé mo lè tú u láti ibẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Kétu: Àbúrò, SF-36 kò burú, àmọ́ gbogbo àìsàn ló wà fún. Kò ní bi obìnrin tí irun orí ẹ̀ ń já, tí oògùn sì ti mú kó sanra, bí ìrísí ẹ̀ ṣe ń rí lára ẹ̀. LupusQoL, ìwé ìbéèrè tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ní lupus, ni kó o mú. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe é, ó jáde ní 2007. Ìbéèrè 34 ni, ìsọ̀rí 8: agbára ara, ìrora, ètò ṣíṣe, ìbálòpọ̀, jíjẹ́ ìnira fún ẹlòmíì, ìmọ̀lára, ìrísí àti àárẹ̀. Àárẹ̀ yẹn ni mò ń gbọ́ jù lẹ́nu wọn. Àwọn ará ilé á ní ọ̀lẹ ni wọ́n ń ṣe.

Ó ní àwọn tó ni ín o. Kọ̀wé sí wọn kó o tó tú gbólóhùn kan, kó o sì béèrè bóyá ẹnì kan ti bẹ̀rẹ̀ ti Yorùbá.

Ògbufọ̀: Má tú u láti inú Faransé. Ẹ̀dà Faransé wà, wọ́n sì ti dán an wò, àmọ́ ìtumọ̀ lòun náà. Kí ẹni 2 tú ti Gẹ̀ẹ́sì, kálukú lọ́tọ̀, kí ọ̀kan má mọ nǹkan kan nípa ìṣègùn. Ẹ pa á pọ̀ di ọ̀kan, kí ẹlòmíì tí kò rí ti àkọ́kọ́ dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn náà, mú un tọ aláìsàn 30 sí 40 lọ, kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ ohun tí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ń béèrè.

Ọmọ Ṣábẹ̀: Ta ló máa kà á? Faransé la fi ń kàwé níbí. Àwọn tó tiẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ Yorùbá ní Bẹ̀nẹ̀, ɛ àti ɔ ni wọ́n mọ̀, kì í ṣe ẹ àti ọ. Ẹ kà á sí wọn létí, kó jẹ́ bákan náà fún gbogbo wọn. Lupus sì ń mú obìnrin ju ọkùnrin lọ, bí 9 nínú 10. Ṣé ọ̀dọ́mọkùnrin ló máa bi ìyàwó ilé lọ́rọ̀ ìbálòpọ̀ lójú ìyá ọkọ ẹ̀? Ẹ wá obìnrin.

Nọ́ọ̀sì Kétu: Bẹ́ẹ̀ ni. Opó náà ńkọ́? Ìwé yẹn fún un láyè láti sọ pé kò kan òun. Má fi òdo sí i.

Oníṣirò: Alpha Cronbach, ìyẹn òǹkà tó ń fi hàn bóyá àwọn ìbéèrè inú ìsọ̀rí kan bára mu, 0,70 sókè ni wọ́n ń gbà. Tún bi wọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2, kó o wò bóyá ìdáhùn wọn á jọ ti àkọ́kọ́, kó o yọ ẹni tí àìsàn ẹ̀ ru sókè láàárín ìgbà yẹn. Má sì retí pé SLEDAI, máàkì tí dókítà ń kọ láti fi wọn bí àìsàn náà ṣe ń jà tó, máa bá LupusQoL rìn dáadáa. Àìsàn lè rọlẹ̀ kí àárẹ̀ má tíì lọ. Ìṣirò tó ń wò bóyá ìbéèrè 34 yẹn pín sí ìsọ̀rí 8 lóòótọ́ ní Yorùbá ló máa dà ọ́ láàmú: ó kéré tán, ẹni 5 fún ìbéèrè kan ni wọ́n sábà ń wá, ìyẹn 170. O ò ní rí wọn ní Kétu.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àjàṣẹ́: Háà, 170! Ọ̀gá, ṣé kí n jáwọ́ ni?

Oníṣirò: Jáwọ́ kẹ̀? Ṣe ìtumọ̀ náà, dán an wò lẹ́nu àwọn aláìsàn, wọn alpha, tún bi wọ́n. Ó tó iṣẹ́ àṣekágbá. Ìsọ̀rí, fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń ṣe oyè dókítà.

Nọ́ọ̀sì Kétu: Tètè gbé ìwé ẹ lọ sọ́dọ̀ CNERS, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìlànà ìwà tó tọ́ nínú ìwádìí ìlera ní Bẹ̀nẹ̀, kó o tó bá aláìsàn kankan sọ̀rọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àjàṣẹ́: Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. LupusQoL ni mo mú. Mà á bá ọ̀gá mi sọ ọ́.

Ọmọ Ṣábẹ̀: Fi àwọn ará Ṣábẹ̀ kún àwọn 30 yẹn, torí Yorùbá inú ìwé kì í yé àwọn ìyá àgbà wa tán. Má kàn wá lọ́jọ́ ọjà. Kò sẹ́ni tó máa jókòó dáhùn ìbéèrè 34.