Ìrẹsì ló yí Ogun Bọ́mà padà, bí Bàbá ṣe máa ń sọ ọ́

Ẹni bá dárúkọ Ogun Hitler níwájú bàbá tó bí ìyá mi, á gbọ́ Bọ́mà (Myanmar òde òní), níbi tí àwa àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti bá Jàpáàn jà, títí ilẹ̀ á fi ṣú. Stalingrad ò kan Bàbá, etíkun Normandy ò kàn wọ́n. Inú ẹgbẹ́ ọmọ ogun 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n wà, àwọn tó wọ àfonífojì Kaladan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1944. Ẹrù rírù ni iṣẹ́ wọn. Orí ni wọ́n fi ń gbé àpótí ọta, nítorí mọ́tò ò lè gba igbó yẹn kọjá. Kí wọ́n tó dé ibẹ̀ gan-an, ẹgbẹ́ wọn ti kọ́kọ́ la ọ̀nà jíìpù tó gùn tó máìlì 75, òkè lórí òkè.

Tí a bá ní kí Bàbá sọ ìgbà tí ogun yí, wọn ò ní dárúkọ ìjà kankan. Ọ̀rọ̀ Dakota ni wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ, bàálù tó ń ju oúnjẹ sílẹ̀. Àpò méjì ni wọ́n fi ń di ìrẹsì, ọ̀kan nínú èkejì. Bí ti inú bá bẹ́, ti òde á gbà á dúró. Wọn kì í so párásúùtù mọ́ ọn. Bó bá ń bọ̀, kóńkó jabele ni o, kálukú á forí pamọ́ sẹ́yìn igi. Àpò ìrẹsì tó já láti òkè ò mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá.

Nígbà tí mo dàgbà tí mo wá kàwé nípa rẹ̀, mo rí i pé Bàbá ò parọ́. Ní 1942, bí àwọn Jàpáàn bá ti yọ sẹ́yìn àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n sì dínà mọ́ wọn, sísá ló kù. Ohun tí Mutaguchi, ọ̀gágun Jàpáàn, tún gbójú lé nìyẹn ní oṣù Kẹta 1944. Oúnjẹ bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kó lé àwọn ọmọ ogun rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní wọn á jẹ ti Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n bá gba Imphal, ìlú kan ní Íńdíà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe ibùdó. (Ẹ gbọ́ mi, ta ló ń fi oúnjẹ ọ̀tá ṣètò ogun?) Wọ́n dínà mọ́ Imphal lóòótọ́, ṣùgbọ́n bàálù ń bọ́ àwọn tó wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó sá. Ní Kohima, ìlú kan ní àríwá Imphal, ọ̀gágun Sato tó wà lábẹ́ Mutaguchi kó àwọn èèyàn rẹ̀ padà láìgbàṣẹ, nítorí ebi. Nǹkan bí 30,000 ọmọ ogun Jàpáàn ló kú, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ọta ò bà.

Ẹ má rò pé gbogbo rẹ̀ dùn fún tiwa o. Àwọn Jàpáàn lé ẹgbẹ́ 81 kúrò ní Kaladan lóṣù Kẹta yẹn kan náà. Bàbá kì í fẹ́ ká bi wọ́n ní ti ìyẹn. Wọ́n padà lọ, àwọn àti ẹgbẹ́ 82, tó tún jẹ́ ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, sì gba ìlú Myohaung ní oṣù Kìíní 1945.

Orúkọ ìlú yẹn ló wà lára bárékè Myhoung ní Yaba. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ṣe sójà gbé ibẹ̀ pẹ́, ó rò pé Òyìnbó kan ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.