DNS tó ń sẹ́ sáìtì: láàpútọ́ọ̀pù gbọ́, fóònù kọ etí ikún

Ìyá Ìbejì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àwọn ìbejì mi ti ń dá lo íntánẹ́ẹ̀tì báyìí, mi ò sì fẹ́ kí sáìtì oníhòòhò tàbí ti gbájúẹ̀ máa ṣí nínú ilé yìí. Mo wọ inú ráútà, mo wá ibi tí wọ́n kọ DHCP sí (ibẹ̀ ni ráútà ti ń pín àdírẹ́sì fún ẹ̀rọ), mo fi 1.1.1.3, tó ń dí irú sáìtì bẹ́ẹ̀, sí àyè DNS àkọ́kọ́. DNS ni ẹ̀rọ ń bi léèrè ibi tí sáìtì wà kó tó ṣí i. Àyè kejì, 8.8.8.8 ni ẹni tó bá wa so ẹ̀rọ náà fi síbẹ̀. Mi ò fọwọ́ kàn án.

Sáìtì tí mo fi ń dán láàpútọ́ọ̀pù wò kì í ṣí, àmọ́ nígbà míì ó tún ń ṣí. Fóònù Android tèmi ló wá burú jù: gbogbo rẹ̀ ló ń ṣí, bí ẹni pé mi ò ṣe nǹkan kan. A ò lo VPN. Kí ló ń ṣẹlẹ̀? Ẹnì kan ní kí n lọ ra Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà kékeré kan, kí n fi Pi-hole, ètò DNS tí èèyàn ń gbé sílé ara rẹ̀, sí i. Ṣé dandan ni?

Bàbá Ráútà

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ má tíì náwó.

Ẹ kọ́kọ́ yọ 8.8.8.8 yẹn kúrò. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé adelé ni DNS kejì, pé ó kàn jókòó títí ti àkọ́kọ́ á fi kú. Irọ́ ni. Ẹ̀rọ mìíràn ń bi àwọn méjèèjì pọ̀, èyí tó bá tètè dáhùn ló ń gbà. Òmíràn ń bi wọ́n ní ìkọ̀ọ̀kan bó ṣe wù ú. 8.8.8.8 ti Google kì í sì í sẹ́ ìhòòhò, ohun tí wọ́n bá bi í ló máa dáhùn. Ẹ fi 1.0.0.3 rọ́pò rẹ̀. Iléeṣẹ́ Cloudflare ló ni òun àti 1.1.1.3, ohun kan náà ni wọ́n ń dí. (1.1.1.2 àti 1.0.0.2 náà wà, àmọ́ sáìtì gbájúẹ̀ àti ti fáírọ́ọ̀sì nìkan ni ìyẹn ń dí. Kì í ṣe èyí tí ẹ ń wá.)

Lẹ́yìn náà, ẹ pa Wi-Fi ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan kí ẹ tún tàn án, torí àdírẹ́sì tó ti gbà tẹ́lẹ̀ ló ṣì máa dì mú.

Fóònù yẹn ńkọ́? Ibi méjì ni kí ẹ wò. Ẹ wọ Settings, ẹ wá Private DNS. Láti Android 9 ló ti wà níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá ti kọ orúkọ sáfà sínú rẹ̀, bíi dns.google, tààrà ni fóònù ń bá a sọ̀rọ̀ ní pọ́ọ̀tù (ẹnu ọ̀nà) 853, kò ní bi ráútà yín ní ohunkóhun. Ìkejì ni IPv6, irú àdírẹ́sì tó gùn ju ti IPv4 (bíi 1.1.1.3) lọ. Ráútà lè máa pín àdírẹ́sì DNS ti IPv6 fún ẹ̀rọ láìsọ fún yín, ẹ̀yin sì ti ti ilẹ̀kùn IPv4 nìkan.

Ìyá Ìbejì

Ẹ ṣeun, Bàbá. Láàpútọ́ọ̀pù ti dúró sójú kan. Private DNS wà ní Automatic, kò sí orúkọ kankan níbẹ̀. Àmọ́ mo rí DNS gígùn kan lójú ìwé IPv6 nínú ráútà, tó kún fún kólọ́ọ̀nù.

Bàbá Ráútà

Ọ̀nà ẹ̀bùrú náà nìyẹn. Ẹ fi 2606:4700:4700::1113 àti 2606:4700:4700::1003 rọ́pò rẹ̀. Bí ráútà yín bá kọ̀, ẹ pa IPv6. Kí ẹ tó sọ pé ó ti parí, ẹ gbìyànjú láti ṣí nudity.testcategory.com. Cloudflare ló ṣe é fún ìdánwò, kò ní dójú tì yín.

Ẹ tún kọ family.cloudflare-dns.com sí Private DNS lórí fóònù àwọn ọmọ. Ìyẹn ló máa bá wọn lọ bí wọ́n bá kúrò lórí Wi-Fi bọ́ sórí dátà.

Kò-Gba-Gbẹ̀rẹ́

Ẹ ń dá ara yín láàmú. Ọmọ tó bá gbọ́n á tan DoH (DNS tó ń gba inú https) nínú browser, ó parí.

Ọmọ Atúnṣe

Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Pọ́ọ̀tù 443 ni DoH ń gbà, ibẹ̀ náà ni gbogbo sáìtì https ń gbà, ẹ ò lè dí i bí ẹ ṣe lè dí 53 (ti DNS lásán) àti 853 nínú fáyáwọ́ọ̀lù. Àmọ́ èyí tí Firefox ń tàn fúnra rẹ̀ ṣeé pa: ó kọ́kọ́ máa ń bi DNS ilé léèrè use-application-dns.net. Bí DNS bá ní kò sí irú rẹ̀, Firefox á pa DoH. Pi-hole ń dáhùn bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ ṣètò ohunkóhun. Bó bá jẹ́ ọmọ ló fọwọ́ ara rẹ̀ tàn án, kò ní gbọ́ tìyẹn. Ọ̀rọ̀ àárín yín àti ọmọ nìyẹn.

Ìyá Ìbejì

Fóònù ti gbọ́! Àmọ́ sáìtì kan tí wọ́n ti ń kọ́ àwòrán yíyà, tí mo mọ̀ dáadáa, ò ṣí mọ́. Báwo ni mo ṣe máa yọ òun nìkan?

Ọmọ Atúnṣe

Pẹ̀lú 1.1.1.3, kò sí lọ́wọ́ yín. Ẹ lè fi sùn Cloudflare kí wọ́n tún un yẹ̀ wò, kí ẹ sì dúró dè wọ́n. Bí irú ẹ̀ bá ń pọ̀, ìgbà yẹn ni Pi-hole tàbí AdGuard Home (ètò tó jọ ọ́) tó nǹkan, torí ẹ̀yin lẹ máa kọ orúkọ ohun tó lè wọlé. AdGuard Home ni màá mú fún ilé ọlọ́mọ: ẹ lè ṣètò ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, Safe Search, tó ń yọ ìhòòhò kúrò nínú èsì ìwárí, sì ní bọ́tìnnì tirẹ̀. Raspberry Pi tó kéré jù tó o. Ẹ fún un ní àdírẹ́sì tí kì í yí padà, kí ẹ má sì máa pa á, torí bó bá kú, kò sí sáìtì tó máa ṣí fún ẹnikẹ́ni nílé. Ìpolówó YouTube kò ní lọ ṣá, ibi tí fídíò ń gbà wọlé lòun náà ń gbà.

Ẹ ó tún máa rí gbogbo sáìtì tí oníkálukú ń bèèrè, títí kan bàbá wọn. Ẹ sọ fún wọn kí ẹ tó tàn án.