Èsì: "Ẹyẹ elépo" kẹ̀? Ta ló ń ta epo nínú ihò?

Àjàgbé:

Ẹ kú iṣẹ́ èdè o, ẹ̀yin ará.

Nínú àtòjọ orúkọ ẹyẹ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa, ẹnìkan kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹyẹ òru inú igbó Gúúsù Amẹ́ríkà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Steatornis caripensis, tí àwọn ará Venezuela ń pè ní guácharo, kí a máa pè é ní "ẹyẹ elépo". Ta ló fún un láṣẹ? Elépo ni ẹni tó ń ta epo. Ẹ ké "elépo!" lẹ́ẹ̀kan péré lójú títì, kí ẹ wo ẹni tí yóò dá yín lóhùn. Ẹyẹ kọ́.

Mo mọ̀ pé "oní" lè jẹ́ ti ẹni tó ní nǹkan tàbí ti ẹni tó ń tà á. Àmọ́ bí nǹkan bá ti jẹ́ ọjà, títà ló máa ń borí: elépo, oníyọ̀, aláṣọ. Ìyẹn kò tilẹ̀ dùn mí tó "epo" fúnra rẹ̀. Epo ni ohun tí a fún jáde lára èso. Ohun tó wà lábẹ́ awọ ẹran àti ẹyẹ, ọ̀rá là ń pè é, bó ti wù kó yọ́ tó. Nígbà tí Humboldt àti Bonpland, àwọn onímọ̀ arìnrìn-àjò láti Yúróòpù, wọ ihò Caripe ní Venezuela, níbi tí ẹyẹ yìí ń gbé, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1799, wọ́n gbọ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Chaima ń mú ọ̀pá gígùn wọ ibẹ̀, nígbà ọdún Jòhánù Mímọ́ nínú oṣù kẹfà. Wọ́n á fi ọ̀pá gbá ìtẹ́ lulẹ̀, wọ́n á la ikùn àwọn ọmọ ẹyẹ, wọ́n á bó ọ̀rá inú wọn, wọ́n á sì yọ́ ọ nínú ìkòkò amọ̀ lẹ́nu ihò. Ohun tó jáde mọ́ gaara, kò ní òórùn, ó sì lè ju ọdún kan lọ láìbàjẹ́. Ọ̀rá ni. Ẹni tó bá pè é ní epo, kí ó pe ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ náà ní epo.

Ọmọ ẹyẹ ni wọ́n sì ń wá lọ o, kì í ṣe ìyá. Àgbà rẹ̀ kì í sábà ju gíráàmù 475 lọ. Ọmọ rẹ̀ ló ń sanra. Bó bá tó nǹkan bí ọjọ́ 70, ó lè fi ìdajì wúwo ju àwọn òbí rẹ̀ lọ, kó tó wá máa rù bí ìyẹ́ rẹ̀ ṣe ń gún. Ṣé torí ìsanra ọmọdé la ó ṣe sọ odindi ìran lórúkọ?

Àbá tèmi ni *afohùnwọ́nà*. Nínú òkùnkùn ihò, ohùn ló fi ń wá ọ̀nà.

Àbẹ̀kẹ́:

Ẹ̀gbọ́n Àjàgbé, ẹ kú làákàyè. Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀rá. (Ẹ má dábàá "ọlọ́ràá" o, torí àwọn tó ń ta ọ̀rá tí a fi ń di ẹrù ni yóò dáhùn.) Àmọ́ ẹ jẹ́ ká yanjú "wọ́nà". Ṣé "wá ọ̀nà" ni àbí "wo ọ̀nà"? Bó bá jẹ́ "wo", *afohùnwọ̀nà* ló yẹ, pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀. Bó bá jẹ́ "wá", ohùn ìsàlẹ̀ tó wà lórí "ọ̀" dà? "Rí igbá" ń di rígbá, "rí ìgbá" ń di rígbàá. Ohùn ìsàlẹ̀ kì í kú láìfi àpá sílẹ̀.

Ẹ má rò pé mò ń ṣàwáwí. Ẹyẹ náà ń wá ọ̀nà, ó sì ń wo ọ̀nà, ibi tó ti ń ṣe méjèèjì sì yàtọ̀. Nínú ihò, ó ń ta ohùn kẹ́kẹ́kẹ́ jáde láti ọ̀fun, etí rẹ̀ á sì gba ìró tó bá ara ògiri padà. Ní 1953, Griffin, onímọ̀ ẹranko ará Amẹ́ríkà, dí etí àwọn kan lára wọn, ó sì tú wọn sílẹ̀ nínú òkùnkùn; wọ́n ń fi ara gbá ògiri. Nígbà tó tan iná, wọ́n fò láìfarapa bó tilẹ̀ jẹ́ pé etí wọn ṣì wà ní dídí. Ohùn náà kò ga bíi ti àdán tó ń fi igbe ṣọdẹ kòkòrò. Ti irú àdán bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ju ìgbì 20,000 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, a kì í sì í gbọ́ ọ. Ti ẹyẹ yìí wà ní nǹkan bí 2,000, etí ènìyàn gbọ́ ọ ketekete. Ohùn tó wà nísàlẹ̀ báyìí kì í rí nǹkan kékeré. Nígbà tí wọ́n so àwo pẹlẹbẹ rọ̀ sójú ọ̀nà wọn fún ìdánwò ní 1979, èyí tí fífẹ̀ rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20 ni wọ́n yà fún. Wọ́n forí sọ èyí tó kéré sí i.

Báwo wá ni yóò ṣe fi ohùn rí èso? Ojú ló fi ń rí i. Bó bá ti jáde sábẹ́ òṣùpá, ojú gbaṣẹ́. Nínú mílímítà onígun mẹ́rin kan péré lẹ́yìn ẹyinjú rẹ̀, nǹkan bí 1,000,000 ni àwọn okùn tíntìntín tó ń gba ìmọ́lẹ̀, a tò wọ́n léra wọn ní ìpele ìpele. Kò sí ẹranko elégungun mìíràn tí a mọ̀ tó kó wọn jọ tó bẹ́ẹ̀. Ẹyẹ tó ní irú ojú yìí ni ẹ fẹ́ fi ohùn nìkan pè?

Ohun kan tún wà. Àwọn ẹyẹ kan tó jọ alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ń gbé inú ihò ní Éṣíà, ohùn làwọn náà fi ń wá ọ̀nà. Bí "afohùnwọ́nà" bá jẹ́ ti èyí, kí ni ti àwọn?

Oúnjẹ ni kí a wò. Òun nìkan ni ẹyẹ tó ń fò lóru tó sì jẹ́ pé èso ló fi ń gbé ẹ̀mí ró, pàápàá èso igi tó jẹ́ ìbátan ọ̀pẹ. *Ajẹyìnlóru.* Ó tán.

Àkànní:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo dọ̀bálẹ̀. Ajẹ kí ni lóru? Ẹ bá mi kọ ọ́ láìfi àmì sí i, bí gbogbo ayé ṣe ń kọ ọ́ lórí fóònù: ajeyinloru. Ẹni kan á kà á ní ajẹyin, ẹyẹ tó ń jẹ ẹyin ẹlẹ́yin. Ẹni kejì ò ní ju "aje" lọ kó tó ju fóònù sílẹ̀. Ẹyẹ tó ń gbé inú òkùnkùn, tó ń jẹun lóru, tó ń han bí ẹni tí wọ́n ń pa: ẹ ti dárúkọ àwọn ìyá wa nìyẹn.

"Ẹyìn" pàápàá kò bófin mu. Èso ọ̀pẹ ni ẹyìn, Áfíríkà sì ni ọ̀pẹ ti wá. Igi tí ẹyẹ yìí ń jẹ èso wọn jẹ́ ìbátan ọ̀pẹ lóòótọ́, Euterpe àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ènìyàn kì í pe ọmọ ẹ̀gbọ́n ní ọmọ. Ó tún ń jẹ èso àwọn igi tó jẹ́ ìbátan píà, àti ti àwọn igi olóje tó ń ta sánsán. Àwọn onímọ̀ kan rò pé imú náà ń ràn án lọ́wọ́ láti rí wọn. Èso tó ní kóró ńlá kan ṣoṣo ló fẹ́ràn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kéré, kò lágbára, nítorí náà kì í bà lé ẹ̀ka kó tó já a. Apá rẹ̀ ló gbẹ́kẹ̀ lé: bó bá nà án tán, láti ṣóńṣó dé ṣóńṣó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà kan. Á dúró lójú òfuurufú níwájú ṣírí èso, á fi ẹnu tó tẹ̀ kọdọrọ já a ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, á gbé e mì lódindi. Ara èso á dà nínú rẹ̀, á sì pọ kóró jáde.

Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ gbèjà ẹni tó kọ "elépo" díẹ̀. Èso wọ̀nyẹn kún fún epo, ṣùgbọ́n èròjà tí ń mú ara dàgbà ṣọ̀wọ́n nínú wọn. Kí ọmọ ẹyẹ tó rí ìwọ̀nba tí iṣan àti ìyẹ́ rẹ̀ nílò, àfi kó jẹ èso púpọ̀ gan-an. Epo tó ṣẹ́kù kò ríbi lọ, ó di ọ̀rá. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi ń pẹ́ nínú ìtẹ́. Ẹyin 2 sí 4 ni ìyá ń yé, wọ́n á sàba lé e fún nǹkan bí ọjọ́ 33, ọmọ kì í sì í fò jáde kó tó pé bí oṣù mẹ́ta. Òmíràn á lé lọ́jọ́ 120. Ìtẹ́ náà kì í ṣe ti koríko. Imí, ara èso àti kóró tí wọ́n pọ̀ ni wọ́n fi ń mọ ọ́n sórí pèpéle àpáta nínú ìhò, á gbẹ, ọdún tó ń bọ̀ wọ́n á tún mọ òmíràn lé e. Ọ̀rá tí ẹ̀gbọ́n Àjàgbé ń sọ, epo èso ni kó tó di ọ̀rá. Ẹni tó sọ ọ́ ní elépo kò purọ́, kò kàn gbọ́ ohun tí oní- ń sọ ni.

Nítorí náà, kí a yá orúkọ náà lò, ká simi: *gúáṣàrò*.

Àjàgbé:

Gúáṣàrò! Ẹyẹ tó ń ṣàṣàrò! Àkànní, mo rò pé gírámà là ń ṣe níbí.

Àbẹ̀kẹ́, o bi mí níbi tí ohùn ìsàlẹ̀ wà. Ibi tó wà nínú "lọ́nà" ni. "Ní ọ̀nà" di lọ́nà, kò sẹ́ni tó ń wá ohùn kankan níbẹ̀, látorí ọmọ ilé ìwé dórí ẹni tó ń ka ìròyìn. "Wá ọ̀nà" ń di wọ́nà lọ́nà kan náà. Rígbàá tí o fi ṣe àpẹẹrẹ kò bá a dọ́gba, torí sílébù tó tẹ̀ lé e níbẹ̀ jẹ́ ti òkè. "Nà" ti wà nísàlẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà onígírámà àtijọ́ fi ń fi àmì tóótun (.) sáàárín irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ìran òní lẹ sọ tóótun náà nù, ẹ wá ń bi wá pé níbo ló wà.

Ní ti àwọn ẹyẹ Éṣíà, kí a fi "ti ihò Caripe" kún tiwa. Bí a ò bá rí àdán, à ń fi òòbẹ̀ ṣẹbọ.

Àdùkẹ́:

Àjàgbé, àbúrò mi, òwe yẹn ò gbè ọ́. Ìwọ lo rí àdán tí o ṣì ń fi òòbẹ̀ ṣẹbọ.

Àwọn ọdẹ tó sọ ẹyẹ lórúkọ fún wa kò jókòó ti gírámà. Wọ́n gbọ́ igbe ẹyẹ, wọ́n sì fi igbe náà pè é. Òdèrékókó ń pe ara rẹ̀, òwìwí ń pe ara rẹ̀. Guácharo tí ẹ ń bá jà yìí, ẹni tó ń sunkún ni wọ́n ní ó túmọ̀ sí nínú èdè Sípéènì àtijọ́. Àwọn náà gbọ́ igbe ni. Àkànní, má sì rò pé Yorùbá nìkan ló ń bẹ̀rù ẹyẹ òru. Ohun tí Humboldt gbọ́ lẹ́nu àwọn Chaima ni pé kéèyàn "lọ bá àwọn guácharo" ni kéèyàn lọ bá àwọn baba rẹ̀. Ìyẹn ò ní kí wọ́n má sọ ọ́ lórúkọ.

Ohùn méjì ló ní: kẹ́kẹ́kẹ́ tó fi ń wá ọ̀nà, àti ariwo híhan tó máa ń bo inú ihò bí ènìyàn bá gbé iná wọlé. Kí a fi èkíní pè é: *ẹyẹ kẹ́kẹ́*.

Àkànní:

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ má bínú. Kẹ́kẹ́ ni ilà ojú, kẹ̀kẹ́ sì ni ohun tí à ń gùn. Ta ni kò ní ṣì í kà?

Ẹ sì jẹ́ ká ṣọ́ra pẹ̀lú "ihò" tí gbogbo yín ń so mọ́ orúkọ rẹ̀. Ohun tí gbogbo ayé gbà tẹ́lẹ̀ ni pé ojoojúmọ́ ló ń padà sínú ìhò láti sùn. Ní 2009 ni iṣẹ́ ìwádìí jáde lórí àwọn tí wọ́n so ẹ̀rọ atọ́pasẹ̀ mọ́ lára ní Venezuela, a sì rí i pé ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni wọ́n ń lò lórí igi nínú igbó, tí wọ́n dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ìyẹn ló jẹ́ kí a mọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún igbó. Kóró tí wọ́n bá pọ̀ sínú ìhò á hù, á funfun, á kú, torí kò rí oòrùn; èyí tí wọ́n bá pọ̀ sábẹ́ igi, tó jìnnà sí ìyá rẹ̀, lè di igi. Orúkọ tó bá ní ihò nínú ti gbójú fo ìdajì ayé ẹyẹ náà.

Àbẹ̀kẹ́:

Àkànní, mo ti kà á tán. Inú ọ̀rọ̀ rẹ kan náà ni "ihò" wà, inú rẹ̀ náà ni "ìhò" wà. Èwo ni tìrẹ? Kí o tó kọ́ wa nípa ẹyẹ, mú ọ̀kan.

Ẹ̀gbọ́n Àjàgbé, mo gba "lọ́nà". N kò tíì gba "wọ́nà", torí "ní" kì í ṣe "wá": n tó wà nínú "ní" ń di l, ọ̀rọ̀ méjèèjì sì lẹ̀ mọ́ra tipẹ́tipẹ́. Ẹ fún mi ní ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn tó ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú "ọ̀nà", kì í ṣe ọ̀rọ̀ atọ́kùn, ká wá jọ sọ ọ́.

Ẹni tó ni àtòjọ náà, jọ̀ọ́, yọ "ẹyẹ elépo" kúrò lónìí. Fi Steatornis caripensis nìkan síbẹ̀, kí o sì fi àyè sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

Àjàgbé:

"Yà ọ̀nà" ń di yọ̀nà. Ó ku kí ni?

Àbẹ̀kẹ́:

"Yà" kì í ṣe ohùn òkè, ẹ̀gbọ́n. Ẹ mú òmíràn wá.