Kí ni mo lè fi mú pickguard gìtá mi dán?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tó ń tún gìtá ṣe. Mo gé pickguard tuntun, ìyẹn pẹlẹbẹ tó ń dáàbò bo ojú gìtá kí ohun tí a fi ń ta okùn rẹ̀ má ha á, láti ara celluloid, irú ike kan, tó ní àwọ̀ igbá ahun. Ó wù mí gan-an, pupa rẹ́súrẹ́sú tó ń tàn bí oyin. Mo fi sáńdípépà àti omi fá a, láti 600 tó rí hàùhàù díẹ̀ dé 2000 tó kúnná, síbẹ̀ ó rí bàìbàì bíi dígí tí èémí bà lé, pàápàá létí. Ṣé kí n padà sí 800 ni, àbí kí n fi pólíìṣì mọ́tò àti aṣọ rírọ̀ nù ún? Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mú nǹkan dán ń bà mí lẹ́rù: ooru máa ń ká celluloid kò, ó sì tètè ń gbiná. Ẹnìkan ní kí n fi lacquer, ọ̀dà tó máa ń dán, bò ó. Ṣé tínà inú rẹ̀ kò ní jẹ ẹ́? Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fi mú tiyín dán?